Orin ìdánwò: bí àwọn dísìkì àtijọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe di ohun tí aráyé ń wá kiri

Orin kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní musique expérimentale. Níbí, ẹ jẹ́ ká pè é ní orin ìdánwò. Kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé o! Orin tí à ń sọ ni èyí tí ẹni tó ń ṣe é kò fẹ́ tọ ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ti ń tọ̀. Ó ń dán nǹkan tuntun wò, ó ń da ìlù pọ̀ mọ́ ìlù, ó ń lo ohun èlò lọ́nà tí wọn kò gbà lò ó rí. Ẹ̀ka méjì ló lókìkí jù nínú rẹ̀: rọ́ọ̀kì ìdánwò, tí wọ́n tún ń pè ní rock progressif, àti jáàsì ìdánwò, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí free jazz. Káàkiri ayé, àwọn olólùfẹ́ orin yìí máa ń wá dísìkì tí kò wọ́pọ̀ kiri, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí orin náà jẹ́, bó ṣe kan ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti ìdí tí dísìkì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà ní Banigbé tàbí ní Ṣàkẹ́tẹ́ fi lè jẹ́ ohun tí ẹnì kan ń wá lójú méjèèjì ní Paris.

Kí ló yà á sọ́tọ̀?

Orin tí a máa ń gbọ́ nínú rédíò sábà máa ń ní ìlànà kan: ẹsẹ orin, ègbè, ẹsẹ orin, ègbè, ó parí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i, ẹ óò kà á ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tó lè tó ogún ìṣẹ́jú, tó gba ojú kan dísìkì tán. Wọ́n ń ka ìlù ní márùn-ún tàbí ní méje dípò mẹ́rin. Ẹgbẹ́ King Crimson, tí dísìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1969, wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà. Ní Faransé, onílù kan tó ń jẹ́ Christian Vander dá ẹgbẹ́ Magma sílẹ̀ ní 1969 kan náà. Òun tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ṣẹ̀dá èdè kan fúnra rẹ̀, ó pè é ní kobaïen, èdè yẹn ló sì fi ń kọrin.

Ní ti jáàsì, Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1960, Ornette Coleman kó olórin mẹ́jọ jọ sínú sítúdíò. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin-mẹ́rin, ó ní kí ọ̀nà méjèèjì jọ máa ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. Orin kan ṣoṣo ló tibẹ̀ jáde, ó sì tó ìṣẹ́jú 37. Wọ́n gbé dísìkì náà jáde ní 1961, wọ́n pè é ní Free Jazz. Àwọn kan ní ariwo lásán ni. Àwọn mìíràn ní ibi tí orin ń lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti dúró níbi eré gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí kò ní bẹ̀rù irú orin báyìí. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ìlù náà dáadáa: omele ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìdúró, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń kì, ó ń pe oníjó, agogo tún mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní ọ̀kan sí mẹ́rin, agogo máa fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ oníjó mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òun balẹ̀. Àwọn olùkọ́ orin ń pe èyí ní polyrythmie, ìyẹn ni pé ìlù púpọ̀ tí kò rìn bákan náà jọ ń gbé inú orin kan. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù ń fi ìwé àti pẹ́ńsù wá ní 1969, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ú lágbàlá níbí. Èyí kò sọ pé ohun kan náà ni méjèèjì o. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó yé wa pé etí wa kò jìnnà sí orin náà bí àwọn kan ṣe rò.

Báwo ni àwọn olólùfẹ́ ṣe ń pín ohun tí wọ́n bá rí?

Orin ìdánwò kì í tà bí orin ijó. Nítorí náà, àwọn iléeṣẹ́ dísìkì ńlá kì í fẹ́ gbé e jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1978, ẹgbẹ́ olórin márùn-ún láti orílẹ̀-èdè márùn-ún pàdé ní London, wọ́n jọ ṣeré lábẹ́ orúkọ Rock in Opposition. Henry Cow wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stormy Six láti Ítálì, Samla Mammas Manna láti Sweden, Univers Zéro láti Belgium, àti Etron Fou Leloublan láti Faransé. Wọ́n ní bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò bá fẹ́ àwọn, àwọn á máa ta dísìkì ara àwọn fúnra àwọn. Chris Cutler, onílù Henry Cow, dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà láti máa ṣe iṣẹ́ náà.

Láti ìgbà náà, olólùfẹ́ ni alárinà. Ẹni tó bá rí dísìkì kan ní ìlú rẹ̀ á da orin inú rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àmọ́ ìwà mẹ́ta ni wọn kò fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí dísìkì àti sára àpò rẹ̀. Èkejì, wọ́n máa ń bèèrè ẹni tó lu ìlù, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó kọ orin. Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwà mẹ́ta yìí ló gbé wọn dé Kùtọnú nígbẹ̀yìn.

Ipa ilẹ̀ Yorùbá

Kí wọ́n tó dé Kùtọnú rárá, ìlù wa ti wọ inú jáàsì. Babatunde Olatunji ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Wọ́n bí i ní 1927 ní Àjídò, lẹ́bàá Badagry, ibi tí Yorùbá àti Ègùn jọ ń gbé bíi tiwa níbí. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, kò sì fi ìlù sílẹ̀. Dísìkì rẹ̀ Drums of Passion, tí iléeṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1960, kún fún ìlù àti orin Yorùbá, ó sì tà wàràwàrà.

John Coltrane, afunfèrè sasofóònù tí àwọn ará jáàsì ń bọ̀wọ̀ fún jù lọ, di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1962, Coltrane gbé orin kan jáde tó pè ní Tunji, láti fi yẹ́ ẹ sí. Olatunji ṣí ilé àṣà Áfíríkà kan sí Harlem, ní New York, Coltrane sì ràn án lọ́wọ́. Ilé náà ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 1967, orin rẹ̀ ìgbà yẹn sì ti le débi pé ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò lè tẹ̀ lé e mọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Ohùn eré ọjọ́ náà jáde lórí dísìkì ní 2001, orúkọ Olatunji ló sì wà lára àpò rẹ̀. Christian Vander tí a dárúkọ lókè sọ ọ́ léraléra pé Coltrane ni ọ̀gá òun.

Ní Èkó, Fẹlá Aníkúlápó Kútì àti onílù rẹ̀ Tony Allen fi jáàsì, háíláìfù àti ìlù ilé ṣe afrobeat. Àwọn aṣèdánwò ilẹ̀ òkèèrè gbọ́, wọ́n wá wò ó. Ginger Baker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream, fi mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971. Ó bá Fẹlá ṣe dísìkì, ó sì kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà lẹ́yìn náà. Ní 1977, Lester Bowie, afunfèrè trompette ti Art Ensemble of Chicago, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ jáàsì ìdánwò tó lókìkí jù lágbàáyé, wá bá Fẹlá gbé fún oṣù díẹ̀. Fèrè rẹ̀ wà nínú dísìkì No Agreement.

Àwọn ọmọ Èkó fúnra wọn ṣe rọ́ọ̀kì. Ní 1972, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu kó lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn jọ, wọ́n fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́ wọn: BLO. Dísìkì wọn Chapter One jáde ní 1973. Gìtá inú rẹ̀ ń ké, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ìlù ilé ló gbé e dúró. Láti Banigbé, ọ̀nà Èkó kò jìn. Ohun tó bá ń dún níbẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń dún lọ́dọ̀ wa.

Kùtọnú: ẹgbẹ́ Poly-Rythmo

Ní 1968, Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Kùtọnú. Orúkọ rẹ̀ ni Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou, àwọn èèyàn sì fi Tout-Puissant kún un. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: polyrythmie tí a sọ lókè yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọmọ wọn.

Wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń tẹ ọ́gáànì, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n sì ń lu ìlù òyìnbó tí wọ́n ń pè ní batterie. Nígbà náà, rumba Kóńgò ló gba ilẹ̀ kan, orin James Brown ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, afrobeat ń ti Èkó bọ̀. Poly-Rythmo gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n tún mú ìlù ilé òrìṣà wọlé. Sátò, ìlù ńlá tí wọ́n ń lù níbi ìrántí àwọn tó ti lọ, wà níbẹ̀. Ìlù Sakpata náà wà níbẹ̀, ìyẹn òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, tí àwọn àgbà kì í dárúkọ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n gbé ìlù náà fún gìtá àti ọ́gáànì pé kí wọ́n máa lù ú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ìdánwò láti London ni. Ẹni tó bá mọ ìlù á mọ ibi tó ti wá.

Àwọn tó ṣe ìṣirò orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ sọ pé ó tó 500. Iléeṣẹ́ tó gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jáde ni Albarika Store ní Kùtọnú, Adissa Seidou ló ni ín. Etí Yorùbá á mọ orúkọ Adissa yẹn lójú ẹsẹ̀: Àdìsá ni. Seidou máa ń kó ẹgbẹ́ náà lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó, nítorí ẹ̀rọ ibẹ̀ dára ju ti ilé lọ. Ọ̀nà ààlà yìí náà ni wọ́n ń bá ohun èlò wọn kọjá. Àwọn iléeṣẹ́ kékeré mìíràn kò lówó irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra, tí wọ́n ṣe ní Switzerland, wá sínú ilé, wọ́n á gba orin sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì tẹ dísìkì díẹ̀. Dísìkì díẹ̀ wọ̀nyí gan-an ló wá ṣọ̀wọ́n jù lónìí.

Poly-Rythmo kọ́ ló dá iṣẹ́ náà ṣe. El Rego, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Théophile Do Rego, ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Les Commandos. Gnonnas Pedro ń kọrin ní èdè púpọ̀, Yorùbá wà lára wọn. Honoré Avolonto àti Antoine Dougbé kọ orin tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Poly-Rythmo lù fún wọn. Àjàṣẹ́ ní Les Sympathics, Abomey ní Picoby Band, Parakou ní Super Borgou, ti Moussa Mama, tó ń kọrin ní Bàríbá. Kò sí ìhà kan nílẹ̀ yìí tí kò dá sí i.

Bí orin náà ṣe dákẹ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, ológun gba ìjọba, Mathieu Kérékou sì di olórí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òfin kónílé-ó-gbélé àti ọrọ̀ ajé tó burú mú kí ilé ijó dín kù. Ẹgbẹ́ tó ń fi alẹ́ jẹun kò lè jẹun mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Poly-Rythmo pàdánù Bernard Zoundégnon, atagìtá tí wọ́n ń pè ní Papillon, àti onílù Léopold Yéhouessi. Ìgbà náà ni kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà. Ẹ̀rọ tó ń yí dísìkì bàjẹ́ nínú ilé, kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn dísìkì bá di ẹrù àjà. Eku jẹ àpò wọn, oòrùn tẹ̀ wọ́n, ọmọdé ń jù wọ́n bí àwo. Nílé àwọn kan, wọ́n fi bo ìkòkò omi.

Bí wọ́n ṣe tún rí i

Ní 2004, iléeṣẹ́ Soundway, tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó orin Poly-Rythmo díẹ̀ jọ sórí dísìkì kan. Ẹni tó wá tú gbogbo ilé wò ni Samy Ben Redjeb, ẹni tó jẹ́ ọmọ Tùnísíà àti Jámánì, tó ni iléeṣẹ́ Analog Africa ní Frankfurt. Ó wá sí Kùtọnú láàárín àwọn ọdún 2000. Kò dúró síbi ọjà nìkan. Ó wá àwọn olórin fúnra wọn rí, àwọn tó ṣì wà láàyè, ó jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, ó gba àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 2008, ó gbé African Scream Contest jáde, orin Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti àwọn ọdún 1970. Lọ́dún yẹn kan náà, The Vodoun Effect tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi orin àwọn iléeṣẹ́ kékeré ṣe. Echos Hypnotiques jáde ní 2009, láti inú àpótí Albarika Store. Nínú gbogbo wọn, ìwé ńlá kan wà tó sọ ìtàn olórin kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ló mú kí àwọn olólùfẹ́ gbà á gbọ́. Orin nìkan ì bá ti dùn mọ́ wọn nínú, ṣùgbọ́n orúkọ àti ìtàn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èso rẹ̀ kò pẹ́. Ní 2009, àwọn àgbà Poly-Rythmo lọ ṣeré ní Yúróòpù, èyí tí wọn kò ṣe rí ní gbogbo ọdún òkìkí wọn. Akọ̀ròyìn Faransé kan, Élodie Maillot, ló sapá láti kó wọn lọ. Ní 2011, dísìkì tuntun wọn, Cotonou Club, jáde. Angélique Kidjo kọrin nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Franz Ferdinand láti Scotland náà sì bá wọn ṣeré. Mélomé Clément rí gbogbo rẹ̀ kó tó kú ní oṣù kejìlá 2012. El Rego náà rí dísìkì rẹ̀ tó jáde ní New York ní 2011, ó kú ní 2014. Àmọ́ Papillon kò rí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yéhouessi.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì tí kò yẹ ká fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ dísìkì àkọ́kọ́ ti kúrò nílẹ̀ yìí báyìí, wọ́n wà lórí pẹpẹ àwọn akódìsìkì-jọ ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan. Àwọn tó tún wọn tẹ̀ ń tà wọ́n ní iye owó Yúróòpù. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ bí Papillon ṣe ta gìtá, orí fóònù ló ti máa gbọ́ ọ, kì í ṣe lórí dísìkì tó ti Kùtọnú jáde. Ẹ̀bi ẹni tó rà á kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwa tí a ní in la fi bo ìkòkò omi.

Àwọn tó ń ṣe orin ìdánwò lónìí

Lionel Loueke, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bí ní 1973, ni ẹni tó lọ jìnnà jù nínú jáàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ gìtá nígbà tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti sọ pé nígbà náà, okùn gìtá kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó, òun a máa fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò èyí tó bá já. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Abidjan, ó lọ sí Paris, ó tún lọ sí Berklee ní Boston. Ní 2001, Herbie Hancock wà lára àwọn tó gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń yan akẹ́kọ̀ọ́, láti ìgbà náà wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Dísìkì rẹ̀ Karibu jáde ní 2008, ní Blue Note, Hancock àti Wayne Shorter sì bá a ṣeré nínú rẹ̀. Loueke máa ń ki ìwé bọ àárín okùn gìtá kó lè dún bí ohun èlò ilé, ó sì máa ń fi ahọ́n lu ìlù bó ṣe ń ta á.

Gangbé Brass Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kùtọnú ní 1994, da fèrè jáàsì pọ̀ mọ́ ìlù vodun. Gangbé túmọ̀ sí ìró irin ní èdè Fọn. Ní 2015, wọ́n gbé Go Slow to Lagos jáde, nípa ìrìn wọn lọ sí ìlú Fẹlá. Ní Natitingou, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké bẹ̀rẹ̀ Star Feminine Band ní 2016. Àwọn ló ń lu batterie, àwọn ló ń ta gìtá. Dísìkì wọn àkọ́kọ́ jáde ní Paris ní 2020.

Bí dísìkì àtijọ́ bá wà nílé yín

Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má sì yára tà á. Àwọn nǹkan tó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

1. Ẹ gbé e dúró, ẹ má tò ó lé ara wọn. Ìwúwo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn, sí páànù tó ń gbóná àti sí ilẹ̀ tútù. Ikán fẹ́ràn páálí àpò rẹ̀.

2. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ tẹ̀ lé bí ìlà rẹ̀ ṣe yí ká, ẹ má fà á kọjá ìlà. Ẹ má jẹ́ kí omi kan ìwé róbótó tó wà láàárín, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ wà. Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó gbẹ.

3. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú méjèèjì dísìkì náà àti àpò rẹ̀. Ẹ da orúkọ olórin kọ, orúkọ orin, orúkọ iléeṣẹ́, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn olólùfẹ́ fi ń dá dísìkì mọ̀.

4. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Ta ló ra á? Níbo? Ayẹyẹ wo ni wọ́n fi ṣe? Ẹ ha mọ ẹni tó ń lu ìlù níbẹ̀? Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló sábà máa ń wà lára dísìkì, orúkọ onílù kì í sí níbẹ̀. Orí àwọn àgbà nìkan ló kù sí.

5. Bí ẹnì kan bá wá rà á, a máa ń sọ pé ẹni mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà orin náà kó tó gbé e lọ. Ẹ sì mọ̀ pé dísìkì ọ̀tọ̀, orin inú rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ra dísìkì kò ra ẹ̀tọ́ láti tún orin náà tẹ̀ jáde. Ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe orin, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. BUBEDRA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni ẹbí olórin kan lè lọ bí wọ́n bá gbọ́ orin bàbá wọn lórí dísìkì tuntun.

Níbo lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ?

Ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ orin ìdánwò, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Drums of Passion ti Olatunji, ẹ óò gbọ́ èdè yín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, The Vodoun Effect: ẹ fi etí sí ìlù nìkan lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún un gbọ́, kẹ́ ẹ fi etí sí gìtá nìkan. Lẹ́yìn èyí, Chapter One ti BLO, kẹ́ ẹ wò ó bí rọ́ọ̀kì ṣe ń rí lọ́wọ́ ọmọ Èkó. Karibu ti Loueke ló kàn, òun lẹ fi máa wọ jáàsì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà náà lẹ lè wá gbọ́ ohùn eré Coltrane ní ilé Olatunji. Ó le, ó ń pariwo, fèrè rẹ̀ ń ké bí ẹni tí inú rẹ̀ kún. Ẹ má pa á bí kò bá tíì yé yín. Ẹ wá ìlù tó wà lẹ́yìn fèrè náà, ẹ dì í mú.

Bẹ́ ẹ bá sì mọ bàbá tàbí ìyá kan ní Banigbé, ní Igolo tàbí ní Ifangni tó ti bá ẹgbẹ́ kan lu ìlù tàbí kọrin láàárín 1965 sí 1985, ẹ lọ jókòó tì wọ́n láìpẹ́, kẹ́ ẹ sì mú ìwé dání.